ILÉ Ẹ̀KỌ́ GÍRÁMÀ NÍ ETÍ OMI ÌLÀJẸ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú ńlá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa ní etí òkun ni, àwọn Ìlàjẹ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti bí ilé ẹ̀kọ́ gírámà ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ líle lè rò pé bákan náà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rí: kí a mọ ògiri, kí a kan páànù, kí a pe olùkọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n níbi tí a kò ti rí ilẹ̀ gbígbẹ tẹ̀, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ àti àjẹ̀ ni ọmọ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ńlá ni kí a tó ní iyàrá ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ó tọ́ kí a mọ ohun tí ó ná àwọn baba, kí àwọn ọmọ má bàa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ìlú mẹ́rin ni a mọ̀ sí orírun àwọn Ìlàjẹ: Ugbò, Mahin, Etikan àti Aheri, olúkúlùkù pẹ̀lú ọba tirẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn abúlé apẹja ti tàn kálẹ̀ sí etí ọ̀sà àti etí òkun, àwọn mìíràn nínú wọn kò ju ìwọ̀n ilé mélòó kan lọ, tí a kọ́ sórí òpó nínú ẹrẹ̀. Ìgbókòdá ni ọjà wọn ńlá, òun náà sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ láti ọdún 1996.

Kì í ṣe pé ìwé kò mọ ọ̀nà omi. Àní, ọ̀nà omi ni ìwé gbà wọ ilẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Glover ní Èkó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn ní ọdún 1872, orí ọ̀sà ni a ń gbà láti Èkó dé apá Itebu àti Aiyesan, kí a tó gúnlẹ̀, kí a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òde Oǹdó. Ní ọdún 1875 ni àwọn C.M.S. bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oǹdó. Ní ọdún 1877 ni Àlùfáà Charles Phillips, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893, dé láti máa bójú tó o. Nítorí náà, ìwé ábídí àti Bíbélì tí àwọn ará òkè kọ́kọ́ dì mú, ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn apẹja ni wọ́n gbà kọjá. Ọkọ̀ gbé fìtílà náà kọjá, ó sì lọ tàn ní ọ̀nà jíjìn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Èyí tí àwọn C.M.S. dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859 ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọgọ́ta ọdún gbáko kọjá kí Oǹdó tó ní Ondo Boys' High School ní ọdún 1919. Adó-Èkìtì ní Christ's School ní ọdún 1933, Ọ̀wọ̀ sì ní Imade College ní ọdún 1946. Orí òkè ni gbogbo wọn wà. Kí ni ìdí rẹ̀ tí etí òkun fi gbẹ́yìn? A kò lè sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní làákàyè. Àwọn abúlé kéré, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn, kò sì sí èyí tí ó lè nìkan kó ọmọ tí yóò kún kíláàsì kan jọ. Apẹja a máa ṣí tẹ̀lé ẹja: ní oṣù yìí ó wà ní Awoye, ní oṣù tí ń bọ̀ ó ti gba ọ̀nà Èkó tàbí Kamẹrúùnù lọ, tòun tìyàwó, tòun tọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí ó ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ a máa yan ibi tí òkúta àti amọ̀ wà.

Nítorí náà, ọmọ Ìlàjẹ tí yóò kàwé, àfi kí ó fi ilé sílẹ̀. Ẹ wo Sà Samuel Manuwa, oníṣègùn olókìkí nì, tí a bí ní ọdún 1903. Ọmọ-ọmọ ọba Itebu-Manuwa ni, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà sì ni pẹ̀lú. C.M.S. Grammar School àti King's College ní Èkó ni ó ti kàwé, kí ó tó kọjá sí Edinburgh láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Òkìkí rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyàrá ẹ̀kọ́ kan ní Ìlàjẹ ni ó mú un jáde. Ẹni tí kò bí ọmọ rẹ̀ sí ilé ọba tàbí ilé àlùfáà ńkọ́? Àwọ̀n àti àjẹ̀ ni ogún tí ó rí fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni apẹja fẹ́ fi gírámà ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ẹja kò mọ ìwé? A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1885, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bá Amapetu ti Mahin ṣe ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi ẹ̀tọ́ tí ó sọ pé òun ní lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nínú àdéhùn tí àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹja kò mọ ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá sí etí òkun mọ̀ ọ́n. Ní ayé ìsinsìnyí tí ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ń wa epo ní ojú òkun Ìlàjẹ, ìwé tí a ó tọwọ́ bọ̀ pọ̀ ju ti ọdún 1885 lọ. Ìlú tí kò ní ọmọ tí ó lè ka ìlà tí ó kẹ́yìn nínú ìwé àdéhùn, ọwọ́ àjèjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Nísinsìnyí, a dé Ayétòrò, ìlú tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan tí a ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn jáde kúrò láàrín àwọn ènìyàn wọn, wọ́n sì tẹ̀dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Bí a kò tilẹ̀ gba gbogbo ẹ̀kọ́ ìsìn wọn, ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àpò kan ni wọ́n ń ná, gẹ́gẹ́ bí àwọn Kristẹni ìgbà àwọn Àpọ́sítélì. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n se ọṣẹ, wọ́n fi pákó ṣe òpópónà gbọọrọ lórí ẹrẹ̀. Ní ọdún 1953 wọ́n tan iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́ba lórí òkè ṣì ń tan àtùpà elépo. Wọn kò sì fi ẹ̀kọ́ ọmọ sílẹ̀: wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ibi tí a ti ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ tí a sì mọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà wọn ni Happy City College. Ní ọdún 1968 ni wọ́n gbà kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ fún àpò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò parẹ́. Apẹja ni wọ́n, ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ wọn, síbẹ̀ ìṣọ̀kan sọ ẹrẹ̀ di ìlú.

Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn abúlé yòókù ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó ṣáájú ìjọba náà, Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ́yà sì ni Mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni a bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà tó 457,000. Ní ọdún 1955 wọ́n lé ní 811,000. Ẹ fojú inú wo irú omi tí ó ya wọ inú ilé báyìí! Ọmọ apẹja wà níbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ìwọ̀fà pàápàá wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí parí ìwé kẹfà, níbo ni kí wọ́n gbà? Ilé ẹ̀kọ́ gírámà kò pọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n. Àwọn kan wọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta tí ìjọba náà dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì padà sídìí àwọ̀n pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí nínú àpótí. Baba tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú ní láti wá ìbátan ní Okitipupa tàbí ní Èkó tí yóò gbà á sílé. A mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé onílé. Ọmọ mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere. Ọmọ mìíràn sì jẹ́ pé omi pípọn àti ìpolówó ọjà ni ó fi ọdún márùn-ún ṣe.

Olùkọ́ ni Ọlọ́run lò láti tú okùn yìí. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó jáde ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ti ṣe ọ̀gá ní Imade College láti ọdún 1947, ó sì dá Owo High School sílẹ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí ó di Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó kéde pé ẹ̀kọ́ gírámà pẹ̀lú di ọ̀fẹ́. Ìjọba rẹ̀ sì ń fún àwọn ìlú kéékèèké láyè láti ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Ìgbà náà ni orúkọ tí a ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìlú, èyí tí ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀, di ohun tí ó wọ́pọ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, títí kan ẹ̀bá omi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lọ nìyí. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìjọba a máa rán olùkọ́, a sì máa san owó oṣù; ṣùgbọ́n ilé àti ilẹ̀, ọwọ́ ará ìlú ni a máa ń wò. Ní ìlú orí òkè, èyí já sí pé kí a pín ilẹ̀ kan, kí a sì gé búlọ́ọ̀kù. Ní etí omi, ilẹ̀ náà gan-an ni a óò kọ́kọ́ ṣe. Yanrìn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá, ọkọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Sìmẹ́ǹtì tí omi bá ta sí lójú ọ̀nà ti di òkúta kí ó tó gúnlẹ̀. Òpó tí yóò gbé ilé dúró ní láti wọlé jìn nínú ẹrẹ̀ kí pákó tó lè dúró lé e. Gbogbo èyí, owó ẹja ni: owó tí obìnrin rí nídìí edé àti ẹja yíyan, tí èéfín fi mú ojú rẹ̀ pọ́n. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá fi ọ̀bẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára tábìlì ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ara ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí.

Ohun rere tí ó ti ibẹ̀ jáde kò ṣe é fẹnu sọ tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọbìnrin apẹja lè ka ìwé gírámà kí ó sì sùn nílé ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ń bá baba rẹ̀ na àwọ̀n ní òwúrọ̀ Sátidé lè jókòó ní kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti jáde láti àárín omi wá. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó sì dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Okitipupa ní ọdún 2008, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Olúṣẹ́gun Agagu nísinsìnyí, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní láti rin ìrìn Manuwa mọ́ kí wọ́n tó rí ẹ̀kọ́ gíga.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa. Ilé ẹ̀kọ́ etí omi ní àrùn mẹ́ta tí ó ń bá a fínra. Àkọ́kọ́ ni àìtó olùkọ́. Ẹni tí a rán láti Àkúrẹ́ wo omi, ó wo ọkọ̀, ó wo iyàrá tí kò ní omi mímu, ó sì wá ọ̀nà láti padà. Èkejì ni ìpè òkun: nígbà tí ẹja bá wọlé, àga a máa ṣófo ní kíláàsì. Ẹ̀kẹta ni òkun fúnra rẹ̀, òun ni ó sì burú jù.

Etí òkun Mahin kì í ṣe yanrìn líle. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, ìgbì a sì máa jẹ ẹ́ bí ọmọ ti ń jẹ ẹ̀kọ. Àwọn ipadò tí a gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà, ó sì pa igi tí ń di ilẹ̀ mú. Ayétòrò tí a yìn lókè yìí ti pàdánù ilé gbígbé, ibi iṣẹ́ àti òpópónà rẹ̀ sínú omi. Ní ọdún 2004 a gbé iṣẹ́ odi òkun jáde láti dá ìgbì dúró. Ní ọdún 2009 a tún gbé e fún ẹlòmíràn. Odi náà kò dìde. Ẹni tí ó bá rántí àkàwé Olúwa wa nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n kọ́lé, ọ̀kan sórí àpáta, ọ̀kan sórí yanrìn, lè fẹ́ dá àwọn ará wa lẹ́bi. Kí ó dákẹ́. Ẹni tí kò ní àpáta ní ìlú rẹ̀ kò yan yanrìn. Ibi tí a bí i sí ni.

Kí ni ṣíṣe? Àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú. Ní ilẹ̀ Bangladesh tí omi ń kún bò lọ́dọọdún, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Mohammed Rezwan, tí í ṣe ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ṣe kíláàsì ní ọdún 2002. Ọkọ̀ náà a máa lọ kó àwọn ọmọ ní èbúté wọn, a sì kọ́ wọn nínú rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní Mákòókò ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń gbé, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyẹmí ya ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ń léfòó lórí àgbá. Ó parí ní ọdún 2013, gbogbo ayé sì yìn ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ó wó lulẹ̀ nígbà tí òjò ńlá rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ṣòro. Ìyìn àlejò kì í tún òpó ṣe. Ilé tí ó wà lórí omi ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́, ẹni tí ń gbé ibẹ̀ nìkan ni ó sì lè ṣe é.

Nítorí náà, a fẹ́ fi ìmọ̀ràn mẹ́rin síwájú ẹ̀yin ìdílé Kristẹni, yálà ẹ wà ní etí omi tàbí lórí òkè.

Èkíní: ẹ má ṣe mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí àkókò ẹja. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004 fi ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án ṣe ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ẹja yóò tún wọlé ní ọdún tí ń bọ̀; ọdún ọmọ kì í padà. Ọmọbìnrin pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkejì: ẹ gba olùkọ́ bí àlejò Ọlọ́run. Iyàrá mímọ́ kan, ìkòkò omi òjò kan, àti ẹja díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, lè mú kí ẹni tí ó fẹ́ sá dúró ní ọdún mẹ́ta sí i.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgbókòdá, ní Okitipupa àti ní Èkó, bí ọmọ ìbátan yín láti abúlé bá wá kọ ìdánwò lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó kàwé. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí iṣẹ́ akọ̀wé kọ́ wa: ẹ tọ́jú ìwé. Nínú gbogbo ohun tí òkun lè gbà, ìwé orúkọ ni kò ṣe é tún kọ́. A lè kan pákó mìíràn. A lè kó yanrìn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó wọlé sí, ọdún tí wọ́n jáde, orúkọ àwọn olùkọ́, àti iye tí abúlé kọ̀ọ̀kan dá, bí omi bá gbé e lọ, ta ni yóò jẹ́rìí pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ rí? Ọmọ tí ó ń wá iṣẹ́ yóò wá ẹ̀rí títí, kò ní rí i. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kan pamọ́ sí Ìgbókòdá, kí wọ́n fi ọ̀kan sí Àkúrẹ́, kí wọ́n sì lo ẹ̀rọ ìgbàlódé láti ya àwòrán rẹ̀. Kí àwọn àgbà tí ó ru yanrìn jókòó pẹ̀lú ọmọ tí ó mọ ìwé kọ, kí wọ́n sọ bí ó ti rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọba ní ojúṣe tirẹ̀ lórí odi òkun, a kò sì gbọ́dọ̀ dẹ́kun láti béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ìtẹnumọ́. Ṣùgbọ́n kí odi náà tó dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà ní kíláàsì, kí olùkọ́ ní ibi tí yóò sùn, kí orúkọ sì wà nínú ìwé. Lẹ́bàá òkun Gálílì ni Olúwa wa ti pe àwọn apẹja, tí ó sì sọ wọ́n di olùkọ́ ayé. Kí Ó bojú wo etí omi Ìlàjẹ pẹ̀lú. Àmín.